Igi Lùsínà: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀, àti Ìdí Tó Fi Ń Jẹgàba Lórí Ilẹ̀ Tí A Pa Tì

Ní ọjọ́ kan tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ kan tí ẹnì kan ti rà ṣùgbọ́n tí kò tíì kọ́ nǹkan kan sí, ní apá Ọjọ́ọ̀ ní ìlú Ìbàdàn. Bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà ń ṣán koríko lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ìdí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà ní ẹ̀bá ọgbà, wọ́n á yí àdá padà, wọn kò jẹ́ kí ó kàn wọ́n. Nígbà tí mo kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n nawọ́ sí àwọn igi náà. "Ọmọ mi, ṣé o rí i pé igi irú ló hù síbí fúnra rẹ̀? Mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má gé e. Irú ti wọ́n jù lọ́jà."

Mo fa ẹ̀ka kan wálẹ̀, mo já ìdì èso kan tó ti gbẹ, mo sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Èso náà pẹlẹbẹ, ó fẹ́lẹ́ bí bébà, ó sì ń dún wóró-wóró bí a bá mì í. Wọ́n fi èékánná la ọ̀kan. Wọn kò bá lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọdé máa ń lá lára èso irú nínú rẹ̀ rárá. Hóró pẹlẹbẹ bí ogún ni wọ́n bá, aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń dán bí ẹni pé a fi òróró pa á. "Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí, "èyí kì í ṣe irú." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Leucaena leucocephala ni orúkọ igi náà nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa ewéko, ṣùgbọ́n kí ó lè rọrùn láti kà, lùsínà ni n ó máa pè é nínú àlàyé yìí.

Àṣìṣe bàbá náà kì í ṣe àṣìṣe àìmọ̀kan. Ẹ̀bi ewé ni. Igi irú, àyùnrẹ́, pánṣẹ́kẹ́ tó máa ń yọ òdòdó pupa ní ọgbà ilé ìwé, patanmọ́ tó ń rá lórí ilẹ̀, àti lùsínà yìí, inú ẹbí ńlá kan náà ni gbogbo wọn ti wá, ẹbí tí ẹ̀wà àti ẹ̀pà pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ewé gbogbo àwọn márùn-ún ló wẹ́, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá kékeré bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹni tó bá ń wo igi láti inú ọkọ̀ tó ń sáré kò lè mọ ìyàtọ̀. Àfi kí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì mọ ibi tí ojú yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Kọ́kọ́ wo ara igi náà bóyá ó ní ẹ̀gún. Lùsínà kò ní ẹ̀gún kankan, yálà ní ìtí, ní ẹ̀ka tàbí ní abẹ́ ewé. Bí ẹ̀gún bá gún ọ lọ́wọ́, igi mìíràn lo dì mú. Lẹ́yìn èyí, já odidi ewé kan. Ohun tí mo pè ní odidi ewé yìí kì í ṣe èyí tó wẹ́ wẹ́ nìkan. Láti ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ẹ̀ka igi títí dé ṣóńṣó rẹ̀ ni. Lára ọ̀pá yìí ni àwọn ọ̀pá kéékèèké ti yà ní méjì méjì, mẹ́rin sí mẹ́sàn-án ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ara àwọn ọ̀pá kéékèèké wọ̀nyí sì ni àwọn ọmọ ewé tò sí, mẹ́tàlá sí mọ́kànlélógún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ewé kan kò gùn ju bí èékánná àtàǹpàkò lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú díẹ̀. Nísinsin yìí, fi ojú wá ibi tí ọ̀pá kéékèèké méjì àkọ́kọ́ ti yà. Ní abẹ́ ibẹ̀ gan-an, lára ọ̀pá ńlá, kókó kékeré kan wà tó jinnú ní àárín bí àwo. Inú kókó yìí ni oje dídùn ti máa ń sun, àwọn èèrà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan kókó yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní í gbàgbé rẹ̀.

Òdòdó rẹ̀ ni ó yá jù láti fi dá a mọ̀. Ó funfun, ó rí róbótó bí òwú tí a ká sórí ìka, fífẹ̀ rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ó sì máa ń dúró ní ìdí ewé láìfì. Òdòdó kan ṣoṣo kọ́ ni róbótó yìí; òdòdó wínníwínní tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kó ara wọn jọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí èso márùn-ún, mẹ́wàá tàbí ogún fi lè so láti orí ọrùn kan ṣoṣo, tí wọ́n á fì papọ̀ bí ìdì ọ̀bẹ pẹlẹbẹ. Èso kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá sí mọ́kàndínlógún, ó fẹ̀ tó méjì. Nígbà tó bá tutù, bí o bá gbé e sókè sí oòrùn, wàá rí òjìji àwọn hóró inú rẹ̀ ní ìlà. Nígbà tó bá gbẹ, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, yóò sì wà lórí igi fún ọ̀pọ̀ oṣù; àwọn ìdì èso gbígbẹ wọ̀nyí ni ojú máa ń rí láti ọ̀nà jíjìn.

Bí a bá ti mọ èyí, ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ kò ṣòro mọ́. Òdòdó igi irú pupa, ó sì máa ń so rọ̀ lórí okùn gígùn, ìtí rẹ̀ sì nípọn, èèpo rẹ̀ dúdú, ó sán wẹ́wẹ́. Àyùnrẹ́ ní ọmọ ewé tó fẹ̀ tó sì kéré ní iye, òdòdó rẹ̀ sì ní irun gígùn tó rọ̀. Èso pánṣẹ́kẹ́ le bí pákó, ó sì gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Àgúnmániyè, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń ṣe ọgbà, tí àwọn kan sì máa ń pè ní ọmọ ìyá lùsínà nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí gbé àwọn méjèèjì jáde fún àgbẹ̀ papọ̀, ní ewé tó tóbi ju tirẹ̀ lọ dáadáa, tó tò sára ọ̀pá kan ṣoṣo, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ osùn fífẹ́lẹ́. Ní ti patanmọ́, ẹ̀gún rẹ̀ á ti sọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó pa patanmọ́ àti lùsínà pọ̀: lùsínà náà máa ń pa ewé rẹ̀ dé, àmọ́ kì í ṣe nítorí pé ọwọ́ kàn án, bí alẹ́ bá lẹ́ tàbí bí oòrùn bá mú jù ni ó máa ń ká ewé rẹ̀ pọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n tún pín ohun kan tó ju ìyẹn lọ, n ó sì padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Igi àjèjì ni igi tí kì í ṣe ilẹ̀ wa ló ti ṣẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló gbé e wá. Kòkó jẹ́ àjèjì, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Máńgòrò jẹ́ àjèjì. Ìbẹ́pẹ àti dóńgóyárò pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kí a kó gbogbo wọn dànù. Igi ajẹgàba ni àjèjì tó ti kúrò lábẹ́ àkóso ẹni tó gbìn ín, tó ń lalẹ̀ hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí, tó ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀ láti ìran dé ìran, tó sì ń gba àyè lọ́wọ́ àwọn ewéko tó ti wà níbẹ̀. Kòkó kì í jáde kúrò nínú oko lọ gba òpópónà. Lùsínà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun àdáyébá, IUCN, gbé àkọsílẹ̀ 100 ẹ̀dá ajẹgàba tó burú jù lọ ní àgbáyé jáde ní ọdún 2000, lùsínà wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó wà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń jẹ èso tútù rẹ̀ àti ti àwọn ìbátan rẹ̀ láti ìgbà láéláé. Guaje ni wọ́n ń pè é, orúkọ yìí sì ni a fi sọ ìlú Oaxaca ní orúkọ. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Sípéènì ló gbé e sọdá òkun ńlá Pàsífíìkì lọ sí ilẹ̀ Filipíìnì, ibẹ̀ ló sì gbà kiri Éṣíà. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970, ìròyìn rẹ̀ ti kan káàkiri ilẹ̀ olóoru gẹ́gẹ́ bí igi ìyanu: ó ń yára dàgbà, ó ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ, ẹran ń jẹ ewé rẹ̀, a ń fi ìtí rẹ̀ dáná, a sì ń fi sun èédú.

Ìbàdàn ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí, ipa náà kò sì kéré. Ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ń wá ọ̀nà tí àgbẹ̀ fi lè máa gbin ilẹ̀ kan náà láìjẹ́ pé ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó sinmi tán, nítorí pé èèyàn ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò sì pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 ni pé kí a gbin lùsínà tàbí àgúnmániyè ní ìlà gbọọrọ, kí àlàfo bíi mítà mẹ́rin wà láàárín ìlà kan àti èkejì, kí a sì gbin àgbàdo sínú àlàfo náà. Bí igi bá ti ga díẹ̀, a ó gé orí rẹ̀, a ó sì tẹ́ ewé tí a gé sórí ilẹ̀ kí ó jẹrà di ajílẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn tún gbé e lọ sí abúlé ní agbègbè Ọ̀yọ́, pé kí àwọn àgbẹ̀ máa gé lára rẹ̀ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Mi ò rò pé ó tọ́ láti bú àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. Ìṣòro tòótọ́ ni wọ́n fẹ́ yanjú, ohun tí wọ́n sọ nípa ewé rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n gígé igi lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún jẹ́ iṣẹ́ àṣekára, ní àkókò gan-an tí iṣẹ́ oko mìíràn ń pe àgbẹ̀. Lùsínà tí a kò gé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Yóò ga, yóò ṣíji bo àgbàdo, yóò so, yóò sì da hóró rẹ̀ sínú àlàfo. Oko tí a gbin igi ìyanu sí á wá di oko tí a ń tu igi nínú rẹ̀.

Láti lóye bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ lórí hóró, nítorí pé inú hóró ni gbogbo agbára igi yìí wà. Kílógíráàmù kan lè gba hóró 15,000 sí 20,000. Kí igi náà tó pé ọdún kan ó lè ti yọ òdòdó, láti ìgbà náà lọ ó lè máa so yí ọdún ká. Òdòdó rẹ̀ kò nílò igi kejì kí ó tó lè so. Igi kan ṣoṣo tí ẹnì kan gbìn sí ẹ̀yìnkùlé fún ìbòòji ti tó láti di baba igbó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ èèpo hóró wá. Èèpo yìí le débi pé omi kò rọrùn fún láti wọ inú rẹ̀, nítorí náà, bí ẹgbẹ̀rún hóró bá já bọ́ lónìí, díẹ̀ nínú wọn ni yóò hù ní òjò tó ń bọ̀, àwọn yòókù á sùn sínú ilẹ̀. Wọ́n lè sùn bẹ́ẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Àwọn tó ń gbìn ín fún oúnjẹ ẹran mọ̀ ọ́n dáadáa; kí wọ́n tó gbìn ín, omi gbígbóná tó tó 80 ní ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni wọ́n ń da lé hóró náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí èèpo rẹ̀ lè là. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ro ohun tí iná ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí a bá dáná sun ilẹ̀ tí lùsínà ti ń so sí fún ọdún mélòó kan. Iná jó igi òkè, a sì rò pé ó tán. Àwọn hóró tó wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, tí ooru kàn ṣùgbọ́n tí iná kò pa, èèpo wọn là, òjò àkọ́kọ́ sì jí wọn papọ̀. Mo ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn òjò, kò sí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ lè tẹ̀ tí kò ní í tẹ ọmọ lùsínà.

Hóró yìí kò ní ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Èso rẹ̀ á là lórí igi, á lọ́ díẹ̀, hóró á sì já sí ìdí ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀ní, díẹ̀díẹ̀ láti etí kan. Àwọn tó ń gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn ni omi tó ń ṣàn, màlúù tó jẹ èso tó sì yàgbẹ́ sí ibòmíràn, eku, àti jù wọ́n lọ, àwa ènìyàn fúnra wa, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tí a fi ọkọ̀ kó láti ibì kan lọ dí ilẹ̀ ní ibòmíràn. Bí ẹ bá rí i tó hù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tuntun níbi tí kò sí igi rẹ̀ kankan tẹ́lẹ̀, ẹ wo iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ ni pé igi oòrùn ni. Ọmọ rẹ̀ tó hù sábẹ́ òjìji igi ńlá kì í lè dàgbà. Nítorí náà, kì í jà wọ inú ẹgàn níbi tí àwọn igi ìrókò àti arère ti pa orí pọ̀ lókè. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbọ́ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ajẹgàba. Wọ́n á rò pé igi kan ń bọ̀ wá gbé igbó wa mì bí ogun. Lùsínà kì í ṣí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti ṣí ló ń dúró dè: ẹ̀bá títì, ẹ̀gbẹ́ ojú irin, etí odò tí a ti gé igi rẹ̀, ilẹ̀ ilé tí a rà tí a kò kọ́, oko tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Ní ilẹ̀ tó ń sinmi, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé kí koríko kọ́kọ́ hù, kí igbó kéékèèké tẹ̀ lé e, kí àwọn igi ìbílẹ̀ sì máa yọ láàárín wọn. Níbi tí lùsínà bá ti ṣíwájú, ó máa ń dúró tímọ́tímọ́, igi kan ti èkejì, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì tẹ́ lọ rẹrẹ ní ìsàlẹ̀, wọn kò dàgbà, wọn kò kú, wọ́n ń retí ọjọ́ tí ìyá wọn yóò wó kí oòrùn lè kàn wọ́n. Nígbà náà ni ètò tó yẹ kó gbé igbó padà sípò dúró sójú kan. Àwọn erékùṣù ló mọ èyí jù. Ní Hawaii, ní Taiwan níhà gúúsù, àti ní erékùṣù Fernando de Noronha ti ilẹ̀ Bùràsíìlì, igbó lùsínà nìkan ló bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ewéko ìbílẹ̀ ti wà rí. Ní Guam, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́n hóró rẹ̀ kí ó lè di ilẹ̀ tí ogun ti sọ di àṣálẹ̀ mú. Ó dì í mú lóòótọ́, kò sì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ilẹ̀ tó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú kì í ṣe gbogbo ilẹ̀. Ó kórìíra ilẹ̀ tí ásíìdì rẹ̀ pọ̀. IITA rí èyí pé ní ibùdó wọn ní Onne lẹ́bàá Port Harcourt, níbi tí òjò púpọ̀ ti fọ agbára ilẹ̀ lọ, lùsínà kò ṣe dáadáa bó ti ṣe ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ tó ń fa omi gbẹ dáadáa, tí ásíìdì rẹ̀ kò pọ̀, ni ó fẹ́, irú èyí sì pọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Lábẹ́ ilẹ̀, ó ń ran gbòǹgbò ìdí lọ sísàlẹ̀ tààrà. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń lọ, òkè rẹ̀ kò sì ga. Koríko lásán lè borí rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n tí gbòǹgbò náà bá ti dé ibi tí omi wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ewéko bá sì rọ, ewé tirẹ̀ ṣì lè máa tutù yọ̀yọ̀. Lára àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ rẹ̀ ni àwọn kókó tí bakitéríà ń gbé wà. Bakitéríà yìí ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún igi, bí ewé bá sì ti jábọ́ tó jẹrà, oúnjẹ náà á wọ ilẹ̀. Ìdí tí àgbẹ̀ fi fẹ́ ẹ nìyí, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tó fi lè gba ilẹ̀ tó ti gbó mọ́ igi mìíràn lọ́wọ́.

Ní ti kùkùté rẹ̀, kí n sọ ọ́ ní ṣókí: kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹni tó gé lùsínà lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sọ igi kan di mẹ́fà, nítorí pé èhù á rú yí kùkùté náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ga ju ènìyàn lọ kí ọdún tó yí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí mo ti ṣèlérí. Ewé lùsínà kún fún àwọn èròjà tó ń mú ara ẹran dàgbà, ewúrẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n májèlé kan wà nínú ewé àti hóró rẹ̀ tí a ń pè ní mímósììnì. Ara patanmọ́ ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí i. Òun ni ohun kejì tí mo ní àwọn méjèèjì pín. Ẹṣin, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ehoro tó bá jẹ ewé yìí púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í re irun. Ní ti àwọn ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Raymond Jones, onímọ̀ ará Ọsirélíà, ṣàkíyèsí pé àwọn ewúrẹ́ ní Hawaii ń jẹ lùsínà láìṣàìsàn, nígbà tí màlúù ní Ọsirélíà ń ṣàìsàn. Bakitéríà kan tó wà nínú ikùn àwọn ewúrẹ́ Hawaii ló ń ba májèlé náà jẹ́. Wọ́n gbé e lọ sínú ikùn màlúù Ọsirélíà, àìsàn náà sì dáwọ́ dúró. Synergistes jonesii ni wọ́n sọ bakitéríà náà, láti fi bọlá fún Jones. Fún àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tó wà nínú ikùn ẹran tirẹ̀, ohun tó dára ni kí lùsínà má ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan lọ nínú oúnjẹ ẹran náà, kí ó sì pa koríko mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hóró rẹ̀ se irú nítorí pé ó jọ igi irú.

Àwọn kan máa ń béèrè ìdí tí kòkòrò kò fi jẹ ẹ́ run. Ní ilé rẹ̀, kòkòrò pọ̀ tó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí a gbé e sọdá òkun, a fi àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn padà wá a kàn. Kòkòrò wínníwínní kan, Heteropsylla cubana, tó ń fa oje ọ̀mùnú ewé rẹ̀, dé Hawaii ní ọdún 1984, ó sì tàn kálẹ̀ la Éṣíà kọjá títí ó fi dé ilẹ̀ Áfíríkà. Ó dín ewé tí àgbẹ̀ ń rí gé kù, ó sì ba ìrètí ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́kàn lé igi náà jẹ́, ṣùgbọ́n kò pa igi náà. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1999: wọ́n tú kòkòrò kan sílẹ̀ tó ń lu hóró rẹ̀, kí ó lè dín ìtànkálẹ̀ rẹ̀ kù láìpa àwọn igi tí àwọn èèyàn ń lò. Hóró ni wọ́n dojú kọ, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àwa náà dojú kọ.

Nítorí náà, ẹni tí lùsínà ti gba ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí igi tó ga jù. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń so. Igi tó bá wà ní òdòdó ni kí a tètè gé kí òdòdó má bàa di èso. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni kí a fi ọwọ́ fà tu lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, kí gbòǹgbò ìdí tó jìn. Tí ó bá ti ga dé ìbàdí ènìyàn, kò ní í fà tu mọ́, yóò já ni. Kùkùté tí a gé, a lè wú u tìdítìdí, tàbí kí a máa gé èhù rẹ̀ lemọ́lemọ́ títí agbára yóò fi tán nínú rẹ̀, tàbí kí a fi oògùn apakoríko kun ojú ibi tí a gé lójú ẹsẹ̀. Ní ti oògùn, kí a bi òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní agbègbè wa léèrè kí a tó rà á. Ewúrẹ́ wúlò gan-an fún èhù, nítorí pé wọ́n ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń yọ. Ẹni tó ṣì ń gbìn ín fún ẹran, kí ó máa gé e ní kúkúrú débi pé kò ní í ráyè yọ òdòdó láé. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí a má fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lófìfo sábẹ́ oòrùn. Kí a gbin ohun tí yóò yára ṣíji bò ó, àyùnrẹ́ tàbí igi ìbílẹ̀ mìíràn, nítorí pé òjìji ni lùsínà kò lè fara dà. Kí a sì máa padà wá fà tu lọ́dọọdún, títí tí àwọn hóró tó sùn sínú ilẹ̀ yóò fi tán.

Bàbá tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ní Ọjọ́ọ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, wọ́n sì gbé àdá wọn sókè. "Ṣé kí n gé gbogbo rẹ̀ báyìí?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀, nítorí pé èso tó wà lórí igi ti gbẹ, bí wọ́n bá gé e lulẹ̀, gbogbo hóró rẹ̀ ni yóò fọ́n sí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òjò. Wọ́n wọ inú ahéré, wọ́n mú àpò ìrẹsì méjì jáde. Mo ń fa ẹ̀ka wálẹ̀, wọ́n ń já ìdì èso sínú àpò, a kò sì fi àdá kan igi kankan títí àpò méjèèjì fi kún.